Ẹni Tó Di Okùn Mú Létí Kánáà

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ti wọ bàtà kan, mo ń wá èkejì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n lè tètè dé ibi iṣẹ́, nígbà tí nǹkan dún gbàù láti apá etí omi. Etí àwa ará Ajégúnlẹ̀ ti mọ́ ariwo. Tírélà a máa já kòǹtẹ́nà sílẹ̀ lọ́nà Àpápá, a ó sì gbọ́ ọ nínú yàrá wa. Mo rò pé òun náà ni. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kejì, tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, tí kò sì dáwọ́ dúró, mo bọ́ bàtà tí mo ti wọ̀, mo sì jáde.

Obìnrin kan ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó gbé ìkòkò ẹ̀wà sórí, omi ẹ̀wà náà ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì mọ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń sáré ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí àwọn yòókù, wọ́n pọ̀ débi pé n kò rí títì mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Bọ́sẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìkẹ́rù kan ní Warehouse Road, ní Àpápá. Èmi ni mò ń ka àpò tó wọlé àti èyí tó jáde, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni mò ń gbé, yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, kànga kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Ẹ̀yìnkùlé wa ni kánáà, ojú omi tó pín àdúgbò sí méjì, gbà kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ síkáòtù tí ẹ ń jókòó tì mí ní Sátidé máa ń bi mí pé ta ló bẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi pín sí méjì lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí wọn. Wọ́n pa ẹnì kan ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà kò kan olórí kankan mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ èdè tí ènìyàn ń sọ. Wọn a dá ènìyàn dúró lójú títì, wọn a ní kó sọ̀rọ̀. Bó bá ti lanu báyìí, wọn a mọ apá kánáà tó ti wá. Apá tiwa ń ṣe é, apá kejì náà ń ṣe é.

Ọ̀gá Ọdúnsì ló ti géètì ilé wa. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Wọ́n ti wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní wáàfù, ní èbúté, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn kò sí nítòsí. Ọ̀gá ló dá ẹgbẹ́ síkáòtù sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Mo wọ ẹgbẹ́ náà nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo sì kúrò níbẹ̀ ní méjìdínlógún. Ní gbogbo Sátidé, nínú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ta okùn ní kókó tí kò ní tú, bí a ṣe ń di ojú ọgbẹ́, bí a ṣe ń sọ omi ìdọ̀tí di mímu. Èyí tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni kíka ènìyàn. Ká ka ara wa kí a tó gbéra, ká tún ka ara wa nígbà tí a bá dé. Ó máa ń sú wa nígbà náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n dúró láàrin ọgbà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, wọ́n ń ka àwọn ará ilé. Àwọn ìyá ń sunkún. Ọkùnrin kan fẹ́ fo ògiri jáde lọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àdúgbò kejì. Ọ̀gá kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí wọ́n fi kà á tán.

"Ènìyàn méjìdínlógún," wọ́n ní. "Ó ku ẹnì kan. Bọ́sẹ̀, wá níbí."

"Sà."

"Omi wo la ní?"

"Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni, sà. Mẹ́ruwà tó ń ta omi fún wa kò ní wá lónìí."

"Mẹ́ruwà kò ní wá lọ́la náà. Lọ kó gbogbo rẹ̀ wá sí yàrá mi. Ẹ̀rín ni wọn yóò fi mí rín tó bá tán lálẹ́ yìí."

N kò rí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Omi kànga wa ní iyọ̀, ó sì ń rùn bí epo. Ọ̀gá ní kí a fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí a sè é, kí a sè é lẹ́ẹ̀kejì, kí a sì fi í sílẹ̀ kó tòrò. Ife kan ni wọ́n ń fún àgbàlagbà lóòjọ́, méjì fún ọmọdé. Nígbà tó di ọjọ́rú, gààrí tó wà nínú ilé ti di ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ ń sunkún, lẹ́yìn náà wọn kò sunkún mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ.

Ẹni tó kù tí kò tíì wọlé ni Bàbá Tími. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn, Tími, ọmọ ọdún márùn-ún, ń gbé yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹja gbígbẹ ni ìyàwó náà ń tà. Èdè apá kejì kánáà ni wọ́n ń sọ láàrin ara wọn. Pẹ̀lú wa, Pidgin ni. Ọmọ wọn nìkan ló ń sọ Yorùbá bíi tiwa, nítorí inú ilé wa ni wọ́n bí i sí.

Ọ̀sán ọjọ́rú ni Bàbá Tími wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Wọ́n ti ṣá a ní àdá ní itan. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo bọ́ bẹ́líìtì ọkùnrin náà, mo fún un mọ́ òkè ọgbẹ́ náà, mo fa ìró ya, mo dì í. Ọwọ́ mi mọ ohun tó ń ṣe. Èmi fúnra mi kò mọ̀. N kò tíì rí ẹran ara ènìyàn tó là báyẹn rí, òórùn rẹ̀ sì wà ní imú mi títí di òní. Nígbà tí mo parí, Ọ̀gá tẹ̀ ba, wọ́n wo kókó tí mo ta.

"Ó dára," wọ́n ní.

Ní ọjọ́bọ̀, iná dé ilé kẹrin sí tiwa. A gbọ́ bí páànù ṣe ń já lulẹ̀. Ọ̀gá wọ yàrá wọn, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì síkáòtù tó ti ṣá, wọ́n so súkáàfù mọ́ ọrùn, wọ́n fi aṣọ funfun kọ́ orí ọ̀pá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde." Wọ́n ní kí n ti géètì lẹ́yìn àwọn.

Wọn kò pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà, Kàmọ́rù ló tẹ̀lé wọn, àwọn ọkùnrin mẹ́ta mìíràn sì dúró sí ìta pẹ̀lú àdá àti ìbọn.

Kàmọ́rù ni olórí ọ̀wọ́ wa ní síkáòtù. Òun ló kọ́ mi ní kókó okùn àkọ́kọ́ tí mo mọ̀, nítorí pé Ọ̀gá kò ráàyè lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kan náà la jẹ́ ẹ̀jẹ́, èmi àti òun dúró ti ara wa. Iṣẹ́ ìjáẹrù ló ń ṣe nígbà ìjà náà. Kò wo ojú mi.

"Ọ̀gá, mo ti sọ fún yín níta," ó ní. "Mo lè mú ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún kọjá dé ọ̀nà Àpápá. Àwọn mẹ́ta inú yàrá ẹ̀yìn yẹn, mi ò lè ṣe é. Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ò ní gbà."

"Ọmọ kékeré wà níbẹ̀, Kàmọ́rù."

"Mo mọ̀, sà."

"Ọkùnrin náà ò lè rìn."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gba ẹni tí mo lè gbà. Èmi fúnra mi ni màá kà yín lójú ọ̀nà. Mẹ́rìndínlógún. Tó bá lé ẹyọ kan, wọ́n á wo ojú gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó jáde. Ó ní kí a má jẹ́ kí agogo mẹ́ta kọjá.

Ọ̀gá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Wọ́n ní, "Mẹ́rìndínlógún ló fẹ́ kà. Mẹ́rìndínlógún náà ni yóò rí. Ìwọ lo máa mú wọn lọ. Wàá pọn Tími."

Ó gba mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó lóye ìṣirò náà. Nígbà tó yé mi pé Tími ni yóò dípò wọn nínú ìṣirò náà, mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Okùn wà lọ́wọ́ mi. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo wà. Ìyá Tími mọ omi ju gbogbo wa lọ. Tí ẹ bá ti lọ, ojú àwọn Kàmọ́rù á wà lọ́dọ̀ yín. Màá gbé tọkọtaya yìí sọdá kánáà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn, màá sì bá yín ní Àpápá."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí èmi dúró."

"Ta ló máa kà wọ́n?" wọ́n bi mí.

Mo lọ kó àwọn ará ilé jọ. Mo ti ń wá èsì ìbéèrè náà láti ìgbà yẹn.

Ìyá Tími wẹ ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ife omi tirẹ̀. Ó so ó mọ́ mi lẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó fún ọ̀já náà dáadáa. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, carry am go." Ó sọ fún ọmọ náà ní èdè wọn pé kó má sọ èdè náà mọ́ títí wọn yóò fi tún ríra. Mo mọ̀ pé ohun tó sọ nìyẹn nítorí ọmọ náà mi orí, kò sì sọ ọ́ mọ́.

A rìn ní ìlà kan. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra búrẹ́dì ti jó. Ọkùnrin kan dojú dé nínú gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Mo ní kí gbogbo wọn máa wo ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú wọn.

Táyà ni wọ́n fi dí ọ̀nà. Kàmọ́rù dúró níbẹ̀. Ó fi ìka kà wá láti iwájú dé ẹ̀yìn, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ mi ni."

Ó mọ̀ pé n kò bímọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìyẹn ló kí mi nílé ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà wo ni tèmi. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sún mọ́ wa. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó tẹ orí síwájú ọmọ náà.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Tími," ọmọ náà ní.

"Tìmílẹ́yìn," mo ní.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ ọmọ yìí, sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

Mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù mọ́ ẹ̀yìn mi. Ó di aṣọ mi mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ọkùnrin náà wo Kàmọ́rù. Kàmọ́rù ní, "Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Ó pé." Ó yà kúrò lọ́nà. Bí mo ṣe ń kọjá, ó rọra bi mí pé, "Ọ̀gá dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn," mo ní.

A rìn dé Warehouse Road. Mẹ́gáádì ilé ìkẹ́rù wa dá mi mọ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún wa láìbéèrè nǹkan kan. Mo ka wọ́n nínú ọgbà. Wọ́n pé. Mo jókòó ti géètì, mo ń retí Ọ̀gá. Òjò rọ̀, ó dá. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́.

Ìrẹsì kún ilé ìkẹ́rù yẹn dé àjà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn mi. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni a fi mu omi ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà dákú. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé àpò kan jáde, a sè é nínú gáláọ̀nù ọ̀dà tí a fọ̀. Nígbà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi dé lẹ́yìn ìjà, mo sọ fún un kó tó béèrè. Ó dúpẹ́ pé mo sọ òtítọ́, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ náà bọ́. N kò bínú sí i.

Ọjọ́ karùn-ún ni Ìyá Tími rí wa. Ó ti wá wa dé Ìjọra, níbi tí àwọn tó sá kúrò nílé kóra jọ sí, kí ẹnì kan tó júwe wa fún un. Ó di ọmọ rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, ó ní wọn yóò gba ẹsẹ̀ náà là. Mo bi í léèrè Ọ̀gá. Ó wo ilẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi.

Kò pẹ́ tí a lọ tán ni òun, ọkọ rẹ̀ àti Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ sí kánáà. Ìyá Tími ló lúwẹ̀ẹ́ sọdá pẹ̀lú ìdí okùn kan, ó so ó mọ́ òpó lọ́hùn-ún. Ní apá tiwa, kò sí nǹkan gidi tí wọ́n lè so ó mọ́, ògiri ti wó, ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gá ró okùn náà mọ́ ìbàdí wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fà á le. Bàbá Tími gun orí kẹ́ẹ̀gì méjì, ó ń fi ọwọ́ fa ara rẹ̀ lọ lórí okùn náà. Ó ti dé àárín nígbà tí àwọn kan yọ lórí afárá pákó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ọ̀gá lè ju okùn náà sílẹ̀ kí wọ́n sì sá. Ìyá Tími ní òun pariwo pé kí wọ́n sá. Ó ní okùn náà le títí ọkọ òun fi fọwọ́ kan bèbè. Lẹ́yìn náà ló dẹ̀. Nígbà tí ó wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni níbi tí Ọ̀gá ti dúró.

Àwọn sójà dé, ìbọn dáwọ́ dúró. Ohun tí mo rántí jù ni bí àdúgbò ṣe dákẹ́. Kò sí rédíò, kò sí mẹ́ruwà, kò sí ọmọ tó ń sunkún. Ilé wa ti di eérú, kànga nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo wá Ọ̀gá. Mo lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ń kó òkú sí. Mo rìn létí omi dé Kírikírì, mo ń bi àwọn apẹja bóyá wọ́n rí àgbàlagbà kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì síkáòtù. Wọ́n ní àwọn rí ènìyàn, àwọn kò wo aṣọ. Àwọn ọmọ Ọ̀gá wá, wọ́n ṣe àdúrà láìsí pósí, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti wá.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Ìdílé Tími kó padà sí ìlú wọn. Tími ti bímọ, ó máa ń pè mí lórí fóònù, Yorùbá ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ ibi tí ilé wa wà di ibùdó tírélà. Mo di akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. Mo ń pe àwọn ènìyàn jáde láti kó gọ́tà. Mo kọ́ àwọn ìyá ní bí a ṣe ń sáré jáde bí iná bá ṣẹ́yọ, nítorí àwọn táǹkì epo tó wà nítòsí wa. Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ síkáòtù ló wà lára mi. Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni Kàmọ́rù gbà, ẹnu kan náà la sì fi jẹ́ ẹ̀jẹ́. Nígbà tí mo bá fẹ́ dá a lẹ́bi pátápátá, mo máa ń rántí pé ó ní, "Ó pé." Nígbà tí mo bá fẹ́ dárí jì í, mo máa ń rántí táyà tó dúró tì. N kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí nínú mi.

Ẹgbẹ́ síkáòtù náà tún bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ń darí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá forúkọ sílẹ̀. Mo bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a parí lọ́jọ́ náà, Kàmọ́rù wá mú un. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ti pẹ́ tí a ti ń rí ara wa lọ́ọ̀ọ́kán, a kì í sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó ní.

"Ẹ káàbọ̀."

Kò lọ. Ó ń fi ọwọ́ ra géètì. "Bọ́sẹ̀," ó ní, "mo dúró de Ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró lójú ọ̀nà yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, kí wọ́n má baà pàdé àwọn ẹlòmíràn. Ibo lẹ sin wọ́n sí? Mo fẹ́ máa lọ síbẹ̀."

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti gbà pé òun ló mọ ibi tí Ọ̀gá wà. Mo ti gbà pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé wọn lọ síbì kan, pé lọ́jọ́ kan ojú yóò tì í tó, yóò sì wá sọ fún mi.

"Èmi ni mo fẹ́ bi ẹ́," mo ní.

Ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ ò rí wọn?"

"A ò rí wọn."

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti jáde, ó ń wò wá, ó ń retí pé kí a parí ọ̀rọ̀ wa. Kàmọ́rù gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ọmọ náà padà wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Bàbá rẹ̀ sìn ín dé òdìkejì títì, ó dúró síbẹ̀ títí a fi parí, kò sì wọlé.